Ẹṣin Ṣàngó àti Ìbéèrè tí Ẹnikẹ́ni Kò Bi Ọbàtálá

 

Nínú ilé tiwa, ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń wá dá Ifá máa ń gbé wá ju gbogbo ìbéèrè yòókù lọ. Kì í ṣe ‘Báwo ni ayé mi yóò ṣe rí?’ Kì í sì í ṣe ‘Ẹbọ wo ni kí n rú?’ ‘Baba, ta ni ó ń ṣe mí?’ ni. Ẹni tó ń béèrè bẹ́ẹ̀ kì í sábàá ṣe ẹni tí kò mọ ìdáhùn. Ó ti mọ orúkọ tó fẹ́ kí a dá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, tàbí ẹni tí wọ́n jọ ń ná ọjà, tàbí àbúrò tó wà lókè òkun. Ìbínú ni ó gbé e wá, ó sì ń fẹ́ kí ẹnu awo fi òǹtẹ̀ lù ú.

Ohun tí a fẹ́ tú wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí ó ṣe yẹ kí a ṣe pẹ̀lú irú ìbínú bẹ́ẹ̀, tàbí pẹ̀lú tiwa fúnra wa, kí ó tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀: pé kí a dúró ná, kí a kọ́kọ́ gbà pé ó ṣeé ṣe kí ẹni tó ṣe ohun tó dùn wá ti fi inú rere ṣe é, kí a sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dà bí ọ̀rọ̀ tí ọmọdé mọ̀. A mọ̀ ọ́n lẹ́nu ni. Àwa tí a ń kọ èyí ti ba ọmọ ọlọ́mọ kan jẹ́ nítorí pé a mọ̀ ọ́n lẹ́nu lásán, a ó sì dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn tí gbogbo wa jọ mọ̀. Ọbàtálá fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ó dá Ifá ìrìnàjò, Ifá ní ọ̀nà náà kò dára. Baba ní òun yóò lọ ṣáá. Wọ́n ní bí yóò bá lọ, kí ó mú aṣọ funfun mẹ́ta àti ọṣẹ dání, kí ó má kọ ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà, kí ó má sì ráhùn. Lójú ọ̀nà, ó pàdé Èṣù lẹ́ẹ̀mẹta, tí ó ní kí ó bá òun sọ ẹrù kalẹ̀. Ó da epo pupa sí i lára, ó da èédú sí i, ó da àdín sí i. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni Baba wẹ̀, tó pààrọ̀ aṣọ, tó sì ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ láì sọ̀rọ̀.

Nígbà tó dé ẹ̀bá ilẹ̀ Ọ̀yọ́, ó rí ẹṣin kan tó ń jẹko kiri. Ó mọ̀ pé ẹṣin Ṣàngó ni. Ó mú un kí ó lè bá a dá a padà fún olówó rẹ̀. Ibi tó ti ń fà á lọ ni àwọn ìránṣẹ́ Ṣàngó tó ti ń wá ẹṣin náà ti bá a. ‘Olè nìyí!’ Wọ́n lù ú, wọ́n dè é, wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Ọdún méje ni ó lò níbẹ̀. Òjò kọ̀, oko kò so, aboyún kò bí wẹ́rẹ́, àgàn kò sì rí ọmọ gbé pọ̀n. Ìgbà tí Ṣàngó dá Ifá ni ó tó mọ̀ pé àgbà kan wà nínú ẹ̀wọ̀n òun tí kò ṣẹ̀. Ó lọ wò ó, ó sì rí i pé Baba ni. Ó ní kí gbogbo ènìyàn wọ aṣọ funfun, kí wọ́n dákẹ́ rọ́rọ́, kí wọ́n lọ pọn omi wá wẹ̀ ẹ́.

Ìtàn yìí kì í ṣe ti ẹnu nìkan. Ní Ẹdẹ, wọ́n máa ń ṣe é lójú agbo nínú ọdún Ọbàtálá. Olúnwi yóò bá Ajagẹmọ jà, yóò mú un lẹ́rú, Ajagẹmọ kò sì ní fi ìjà fèsì. Tìmì ni yóò rà á padà. Ulli Beier kọ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé tó ṣe lórí àwọn ọdún ìlú Ẹdẹ ní 1959. Ní Brazil, Pierre Verger, ẹni tí a tún mọ̀ sí Fátúmbí, tó kú ní Salvador ní 1996, ti kọ ìtàn ẹ̀wọ̀n náà bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níbẹ̀. Ní Salvador kan náà ni Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá wà, èyí tí Ìyá Eugênia Anna dos Santos dá sílẹ̀ ní 1910. Nínú àwọn ilé àtijọ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣe ọdún tí wọ́n ń pè ní Águas de Oxalá, ìyẹn omi Òòṣàálá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ òrìṣà yóò wọ funfun, wọn yóò tò lọ sí ìsun pẹ̀lú ìkòkò lórí, wọn kò ní sọ̀rọ̀. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wọ àwọn ènìyàn wa lára tó: a kó wọn lẹ́rú kọjá òkun, wọ́n sì rántí ẹni tí wọ́n dè láìṣẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń fi ìtàn yìí kọ́ni ní ìfaradà Ọbàtálá. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa fẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ àwọn ìránṣẹ́ wọ̀nyẹn, nítorí ibẹ̀ ni awo àti aláṣẹ ti lè rí ara wọn. Ṣé wọ́n purọ́ ni? Rárá. Ẹṣin sọnù lóòótọ́. Wọ́n rí àjèjì kan lóòótọ́ tó fi okùn fà á. Ìrìn ọ̀nà jíjìn ti sọ Baba di ẹni tí kò jọ ọba mọ́. Gbogbo ohun tí ojú wọ́n rí ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó kù ni ohun tó wà nínú ọkàn ẹni tó mú okùn lọ́wọ́, èyí kì í sì í ṣe ohun tí ojú ń rí. Ìbéèrè kan péré ni ì bá tú u síta: ‘Baba, níbo ni ẹ ń mú ẹṣin yìí lọ?’ Ìdáhùn rẹ̀ kò ní gba àkókò tí ènìyàn fi ń mu omi. Nítorí pé wọn kò béèrè, ọdún méje lọ.

Ẹ tún jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, ìbínú. Inú ni ó wà nínú rẹ̀. Yorùbá ń wí pé ‘inú bí mi’, bí ẹni pé inú ni ó ṣe nǹkan sí olúwa rẹ̀. Inú kan náà ni a ń fi sọ pé inú rere, inú kan, inú búburú, inú mi dùn. A sì tún ń wí pé inú jìn. Bí ó bá jìn lóòótọ́, a jẹ́ pé inú méjì ni ó wà nídìí ìjà kọ̀ọ̀kan: tèmi tó ń bí mi, àti tirẹ̀ tó fi ṣe ohun tó ṣe. Tèmi nìkan ni mo mọ̀. Ìgbà tí mo bá sọ pé ‘ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni’, inú tí n kò wọ̀ rí ni mò ń ròyìn rẹ̀. Àwọn àgbà tó ní inú bíbí kò mọ̀ pé olúwa òun kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀ ti rí ọ̀kan nínú ewu rẹ̀. Èyí tí a ń sọ yìí ni ìkejì: kò mọ ẹni tó ń bínú sí pẹ̀lú.

Ẹnìkan lè ní, ‘Baba, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ìfura loògùn àgbà?’ Àwa náà ni. Òwe náà kò sì parọ́. Ṣùgbọ́n kí ni ìfura? Ìfura ni kí o ti ilẹ̀kùn rẹ lálẹ́, kí o ka owó kí o tó kó o sápò, kí o má jẹun nílé tí ọkàn rẹ kò balẹ̀ sí. Ara ẹni ni ènìyàn fi ń ṣọ́, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ aládùúgbò. Ìgbà tí ìfura bá ti dá orúkọ ẹnìkan, tó ti kúrò ní ‘bóyá’ tó di ‘òun ni’, ó ti di ẹ̀sùn. Ẹ̀sùn sì ní òfin tirẹ̀: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Kò sí ìjà láàárín òwe méjèèjì. Ènìyàn lè fura kí ó sì tún ro rere sí ọmọnìkejì rẹ̀ ní àkókò kan náà, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ti ilẹ̀kùn láì pe gbogbo àdúgbò ní olè.

Ní báyìí, kí a sọ ti ara wa. Ní 2004, ọmọ awo kan wà lọ́dọ̀ wa, ó ti tó ọdún mẹ́fà tó ń kọ́ Ifá. Ó gbọ́n, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ní àárọ̀ kan tó ku ọjọ́ díẹ̀ kí a ṣe ọdún Ifá, a na ọwọ́ sí ọ̀pẹ̀lẹ̀ tí baba wa fi sílẹ̀ fún wa, a kò bá a níbẹ̀. Àwọn ará ilé ní àwọn rí ọmọ náà tó jáde ní ìdájí, tó fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ó ti tó bẹ́ẹ̀ fún wa. Nígbà tó dé, àlejò wà nílé, àwọn awo méjì kan láti ìlú mìíràn. A kò pè é sí kọ̀rọ̀. Ojú wọn ni a ti sọ pé ó ti ta ohun ìní baba wa. A ní kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, a ní kí ó pa á mọ́. Ó pa á mọ́, ó sì lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, alágbẹ̀dẹ idẹ kan mú ọ̀pẹ̀lẹ̀ náà wá sílé. Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ ti fẹ́ já níbi méjì, àwa tí a ń fi í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kò tilẹ̀ fiyè sí i. Ọmọ náà rí i, ó gbé e lọ tún ṣe kí ọdún tó dé. Ó ti san owó rẹ̀ láti àpò ara rẹ̀.

A kò ní sọ pé kò ṣẹ̀ rárá. Ọmọ awo kì í gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀ olúwo jáde láì gba ìyọ̀ǹda, a sì ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú ìwà náà, ṣùgbọ́n inú tó fi hù ú dára. Ohun méjì ni ìyẹn, ìbínú wa sì pò wọ́n pọ̀ di ọ̀kan. Ká ní a béèrè ni, à bá bá a wí fún ti ìyọ̀ǹda, à bá sì dúpẹ́ fún ti ẹ̀wọ̀n, kí ó tó di ọ̀sán a ó ti jọ jẹun. A ránṣẹ́ wá a, wọ́n ní ó ti kọjá sí ọ̀nà Kétu. Ó tó ọdún méjì kí a tó rí i. Ó gba ẹ̀bẹ̀ wa, ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò padà wá kọ́ Ifá mọ́, lọ́dọ̀ wa tàbí lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ọdún mẹ́fà tó fi kọ́sẹ́ lọ bẹ́ẹ̀. Ìwé gíga tí a kà ní yunifásítì, tí a ti ń fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn bí a ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ kí a tó kọ ọ́ sílẹ̀, kò yọ sí wa láàárọ̀ ọjọ́ yẹn.

Láti ìgbà náà ni a ti ń wo ètò Ifá dídá pẹ̀lú ojú mìíràn. Ẹ bá wa wò ó. Ẹni tó wá kì í sọ ọ̀ràn rẹ̀ fún awo. Owó tàbí ìbò ni ó ń sọ ọ́ sí, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Àwọn olùwádìí kan ti rò pé kí a lè mọ agbára awo ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa rí nǹkan mìíràn pẹ̀lú: ẹ̀sùn rẹ̀ kò kọ́kọ́ bọ́ sí etí wa. Bí inú ṣe ń bí i sí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó, a kò tíì mọ̀ ọ́n, nítorí náà kò lè fà wá.

Bí ikin ni a óò bá lò, mẹ́rìndínlógún ni. A óò gbá wọn mú, bí ẹyọ kan bá kù, a tẹ àmì méjì. Bí méjì bá kù, a tẹ ẹyọ kan. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí tí kò sí èyí tó kù, a kò tẹ nǹkan kan, a tún gbá a. Ìgbà mẹ́jọ ni ó gbọ́dọ̀ pé kí Odù kan tó hàn nínú igba ó lé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ yára ju ìyẹn lọ, ṣùgbọ́n bí Odù bá ti hàn, ẹsẹ̀ tí a óò kì pọ̀, oníbèérè yóò sì máa gbọ́ ìtàn ẹlòmíràn tí ó rí irú ohun tí òun ń rí. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìbò: ṣé ire ni, àbí ayéwò? Bí ó bá jẹ́ ire, irú ire wo? Ajé ni àbí aya, ọmọ ni àbí àìkú? Ṣé ẹ rí i pé a kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ‘ta ni’? Ẹni tó wọlé pẹ̀lú ìbínú yóò ti jókòó pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó kan ẹnikẹ́ni, ó sì ti gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kí ire wà nídìí ohun tó ń dà á láàmú. Awo tó bá fo gbogbo èyí, tó da ọ̀pẹ̀lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan tó sì ní ‘obìnrin pupa kan nínú ilé yín ni’, ó ti ya ohun tí àwọn baba wa fara balẹ̀ hun. Ilé tó tú nítorí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ kò kéré, a sì mọ èyí tó dé ilé ẹjọ́.

Ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ méjì tí Èṣù gba àárín oko wọn kọjá pẹ̀lú fìlà aláwọ̀ méjì náà wúlò níbí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fi í ba Èṣù lórúkọ jẹ́ nínú ìwé àwọn òyìnbó. Ọ̀kan rí àwọ̀ kan, èkejì rí òmíràn, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ara wọn. Kò sí ẹni tó purọ́ nínú wọn. Kàkà kí ọ̀kan bi èkejì pé ‘apá ibo lo wà tí o fi rí i bẹ́ẹ̀?’, ohun tí olúkúlùkù rò ni pé ẹnìkejì fẹ́ fi òun ṣe òmùgọ̀.

A gbọ́dọ̀ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí mọ, kí àwọn kan má baà fi í bo ìwà ìbàjẹ́. Ká kọ́kọ́ ro rere síni kì í ṣe ká rò ó títí láé. Ẹni tó lu ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó kó owó ẹgbẹ́ tí kò rí àlàyé ṣe, a ti béèrè, ó sì ti dáhùn pẹ̀lú ìwà rẹ̀. Àwọn ìránṣẹ́ Ṣàngó lẹ́tọ̀ọ́ láti wá ẹṣin tó sọnù, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti dá àjèjì dúró. Èyí tí wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ni kí wọ́n lù ú kí wọ́n tó bi í.

Nǹkan kejì ni pé ẹni tí pàṣán wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni dídúró yìí kàn jù. Ó máa ń yà wá lẹ́nu bí a ṣe ń sáré wàásù sùúrù fún ẹni tí wọ́n ṣẹ̀, ọmọdé, ìyàwó, ọmọ iṣẹ́, ọmọ awo, tí a kì í sì í bá olórí ilé sọ ọ́. Ọbàtálá ní sùúrù fún ọdún méje gbáko, síbẹ̀ ilẹ̀ Ọ̀yọ́ gbẹ. Sùúrù ẹni tí a dè kò lè ṣe iṣẹ́ tí ó yẹ kí sùúrù ẹni tó dè é ṣe. Ifá tó kọ́ wa pé Sùúrù ni ó bí Ìwà kò sọ pé aláìlágbára nìkan ni kí ó máa hù ú.

Lọ́dún tó kọjá, obìnrin kan wá bá wa. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń ṣètò ìsìnkú ìyá wọn, gbogbo ọmọ ti dá owó, òun nìkan ni kò dá. Obìnrin náà ń kọ̀wé ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. ‘Baba, ó ń kà á o! Mò ń rí i pé ó ti kà á, kò sì dáhùn. Wọ́n ti gba ọkàn rẹ̀ ni, ìyàwó rẹ̀ ni.’ A dá Ifá. Ire ni ó fọ̀, kì í ṣe ayéwò. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí wa pẹ̀lú! A bi í bóyá ó ti béèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀ bí nǹkan ṣe ń lọ fún un níbẹ̀, yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ owó. Ó dákẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó pè é, kò sì dárúkọ owó. Ọkùnrin náà bú sẹ́kún. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láti bí oṣù mélòó kan, ojú ń tì í láti sọ fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun kò ní owó tí òun yóò fi sin ìyá òun, ìyàwó rẹ̀ yẹn gan-an ni ó sì ń bọ́ ilé.

Wọ́n ti sin ìyá náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n bá a dá tirẹ̀, ó ní òun yóò san án padà díẹ̀díẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀.